Aago Inú Kernel: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Àkókò Tí Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan Lò

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń gba iṣẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà nínú mímọ ẹni tó lò ó pẹ́. Láwọn ọdún 1950, ẹni tó bá níṣẹ́ á kó káàdì oníhò tó kọ iṣẹ́ náà sí fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Wọ́n á wo aago ara ògiri nígbà tí iṣẹ́ náà wọlé, wọ́n á tún un wò nígbà tó parí. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n máa kọ sí onítọ̀hún lọ́rùn. Ẹ̀rọ ọ̀hún wọ́n bí ojú, kò sẹ́ni tó ń fi ìṣirò yẹn ṣeré.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn ètò ìdarí kan tó ń jẹ́ CTSS lórí ẹ̀rọ IBM 709. Prósẹ́sọ̀ kan náà, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ń fò láti orí iṣẹ́ ẹnì kan bọ́ sórí ti ẹlòmíì, ó sì yá débi pé oníkálukú rò pé òun nìkan ló ni ín. Aago ara ògiri kò wúlò mọ́: ẹni tó fi wákàtí kan jókòó sídìí ẹ̀rọ lè má lo ju ìṣẹ́jú kan prósẹ́sọ̀ lọ. Kernel, ìyẹn apá tó wà ní ọkàn ètò ìdarí kọ̀ǹpútà, tó ń pín ẹ̀rọ fún iṣẹ́, ló wá di akọ̀wé gbèsè.

Bí àṣẹ kan bá parí lórí CTSS, ẹ̀rọ á tẹ lẹ́tà R, á sì fi nọ́ńbà méjì tì í, àmì àròpọ̀ á wà láàárín wọn. Èkíní ni àkókò tí iṣẹ́ náà fi ṣiṣẹ́. Èkejì ni èyí tó bá gbígbé e wọnú ìrántí ẹ̀rọ àti gbígbé e jáde lọ. Nọ́ńbà kejì yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, torí ó fi hàn pé ìbéèrè ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ tí kernel ṣe nítorí rẹ, ta ni ká kọ ọ́ sí lọ́rùn?

Unix, ètò ìdarí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs lọ́dún 1969, dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tí a ṣì ń rí títí dòní. Lórí kọ̀ǹpútà PDP-11, ara iná mànàmáná tó ń wọnú ilé ni aago ẹ̀rọ ti ń mú ìlù rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbà 60 ni aago ń kan ilẹ̀kùn kernel. Tó bá ti kàn án, kernel á dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, á wo ẹni tó wà lórí prósẹ́sọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ètò fúnra rẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ wà, á fi ẹyọ kan kún ònkà tó ń jẹ́ u_utime. Bó bá jẹ́ pé kernel ló ń bá ètò náà ṣe nǹkan, á fi ẹyọ kan kún u_stime. Ó parí. Nínú Ẹ̀dà Kẹfà Unix, ti ọdún 1975, ìlà kóòdù tó ṣe èyí kò tó ìka ọwọ́ méjèèjì. Ibẹ̀ náà ni ó ti ń kọ ẹyọ kan sínú p_cpu, èyí tí ó fi ń mọ ẹni tó ti jẹun púpọ̀, kó lè sún un sẹ́yìn lórí ìlà. Lára pípín yìí ni user àti sys tí àṣẹ time ń tẹ̀ jáde ti wá. Real tó wà lókè wọn ni aago ara ògiri àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kernel kò wọn nǹkan kan níhìn-ín. Ó kàn ń yọjú ni. Ẹni tó bá bá lórí ìjókòó ló máa ru gbèsè ìdá ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ì báà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ojú díwọ̀n owó iná fún rí, nígbà tí kò sí mítà nílé yín, ẹ mọ irú ìṣirò yìí. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà burú fún ìgbà tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gùn, àṣìṣe òsì á máa pa tọ̀tún rẹ́, ìṣirò náà kò sì ná ẹ̀rọ tó lọ́ra ní nǹkan kan.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ibi tí iṣẹ́ bá ti ń bá aago rìn. Ọ̀pọ̀ ètò ló jẹ́ pé aago yẹn gan-an ló ń jí wọn. Aago á kàn, kernel á kọ̀wé rẹ̀ tán, ètò á jí, á ṣe díẹ̀, á tún sùn kí aago tó padà dé. Kernel kò ní bá a lórí ìjókòó láé. Ní 1993, Steven McCanne àti Chris Torek dá a lábàá pé kí aago tó ń kọ gbèsè yàtọ̀ sí èyí tó ń jí iṣẹ́, kó sì máa dé ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀, bí ọlọ́dẹ tí kì í gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n kìlọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló gbọ́. Lọ́dún 2007, Dan Tsafrir, Yoav Etsion àti Dror Feitelson gbé ìwé kan jáde ní àpérò ààbò USENIX, wọ́n sì fi hàn pé ètò kan tí kò ní àṣẹ alábòójútó lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú prósẹ́sọ̀, kí kernel sì máa kọ òdo sí i lára. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: ètò náà á máa ka ìgbésẹ̀ prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, á ṣiṣẹ́, á sì sùn ní kété tí aago bá fẹ́ kàn. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gba gbèsè. Èyí tó tún burú ni pé kernel á rò pé olè yìí kò tíì jẹ nǹkan kan, á wá máa fi í síwájú.

Linux, ètò ìdarí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ti gba ọ̀nà ìfojúdíwọ̀n yìí kọjá. Níbẹ̀rẹ̀, ìgbà 100 ni aago rẹ̀ ń kàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí kọ̀ǹpútà PC. Ẹ̀dà 2.6, tó jáde ní oṣù kejìlá 2003, sọ ọ́ di 1,000. Ní 2005 wọ́n dín in sí 250, torí pé aago tó ń kanlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ sinmi, bátìrì sì ń tán. Àmọ́ kíkàn léraléra kò wo àrùn náà sàn. Ẹni tó ń fojú díwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ṣì ń fojú díwọ̀n ni.

Mítà tòótọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ látìgbà Pentium ọdún 1993: ònkà kan tí wọ́n ń pè ní TSC, tó ń fi ẹyọ kan kún ara rẹ̀ bí prósẹ́sọ̀ ṣe ń mí. Ó kọ́kọ́ ṣòro fọkàn tán, nítorí bí prósẹ́sọ̀ bá dín eré kù láti tọ́jú iná, ònkà náà á dín eré kù pẹ̀lú rẹ̀. Ònkà inú àwọn prósẹ́sọ̀ tó dé lẹ́yìn ló wá ń rìn déédéé. Ní oṣù kẹwàá 2007, ọdún kan náà tí ìwé àwọn Tsafrir jáde, ètò ìpíniṣẹ́ tuntun Ingo Molnár, CFS, wọ Linux 2.6.23. Kò dúró de aago mọ́. Bí iṣẹ́ bá gorí prósẹ́sọ̀, á kọ àkókò sílẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, ní nanosecond, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá sùn kí aago tó kàn ti sanwó kó tó sùn.

Síbẹ̀, ìfojúdíwọ̀n kò tán nílẹ̀. Nínú Linux tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, àpapọ̀ àkókò iṣẹ́ kan péye, ṣùgbọ́n pípín in sí user àti sys ṣì jẹ́ iṣẹ́ aago àtijọ́: kernel á wo iye ìgbà tí aago bá a níhà méjèèjì, á sì fi ìwọ̀n yẹn pín àpapọ̀ náà. Bí a bá fẹ́ kó péye, kernel gbọ́dọ̀ máa ka aago nígbàkígbà tí ètò bá wọlé tó bá sì jáde, èyí á sì ná nǹkan díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ san án.

Ẹni tó bá ṣí fáìlì stat tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lábẹ́ /proc lórí kọ̀ǹpútà Linux lónìí kò ní rí nanosecond níbi tí wọ́n kọ utime àti stime sí. Ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni kernel ṣì ń kọ síbẹ̀, ìwọ̀n aago tó ń kàn nígbà 100.