Agbára tí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Dà Nù



Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìlarò yóò ti gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà rí. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n la ẹ̀ka kan láti Ifọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ní ilẹ̀ Yewa tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà. Ayétòrò kò rí ojú irin rárá. Lọ́rì ni wọ́n fi ń kó ẹrù tiwọn. Ojú irin ńlá ti wà ṣáájú: ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901.

Ọkọ̀ eléèédú ni ti ìgbà náà. Púpọ̀ nínú ooru èédú ń bá èéfín lọ. Èyí tí ó ń fa ọkọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni ọkọ̀ dísẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀, ìyẹn sì dára ju ti èédú lọ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí bí ó ti ń yí ti lọ́rì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Jẹnẹrétọ̀ ń mú iná wá. Iná náà ń gba wáyà lọ sí àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń yí i. Àwọn ẹ̀rọ ìdí ẹsẹ̀ wọ̀nyí ní ìwà kan. Bí a bá fún wọn ní iná, wọn yóò yí. Bí ó bá jẹ́ pé eré ọkọ̀ ni ó ń yí wọn, àwọn náà yóò mú iná wá, wọn yóò sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn títí eré rẹ̀ yóò fi dínkù. Awakọ̀ a máa lo ọgbọ́n yìí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kí ni a wá ń fi iná náà ṣe? Wọ́n ń darí rẹ̀ sínú àwọn irin kan tí yóò sọ ọ́ di ooru, fáànù á sì fẹ́ ooru náà dànù. Bí ẹni tí ó se omi gbóná tán, tí ó dà á sẹ́yìn ilé, tí ó tún dá iná mìíràn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 1,000, tí ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ní agbára tí ó lé ní kílówáàtì-wákàtí 38 nínú eré rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó pèsè ìyẹn, yóò jó tó lítà dísẹ́lì mẹ́wàá. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, gbogbo rẹ̀ ti di ooru. A kò lè gbà á padà tán, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ Ìbàdàn sí Èkó ti dúró sójú ọ̀nà ní oṣù kejì ọdún 2022 nítorí pé dísẹ́lì tán nínú rẹ̀.

Bátìrì ni àwọn ènìyàn fi ń wá ojútùú. Ní ilẹ̀ Ireland, láti 1932 títí di 1949, ọkọ̀ bátìrì tí James Drumm ṣe ń kó èrò láàárín Dublin àti Bray. Ṣùgbọ́n bátìrì ayé ìgbà náà wúwo gan-an. Ó di 2007 kí ilẹ̀ Japan tó fi ọkọ̀ dísẹ́lì tí ó ní bátìrì kó èrò ní ọ̀nà Koumi, láàárín àwọn òkè. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ General Electric ṣe àfihàn ọkọ̀ tirẹ̀ ní Los Angeles. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ṣe ọkọ̀ 25 fún rélùwéè wa ní nǹkan bí ọdún 2010, láìsí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ní 2019 ẹ̀ka rélùwéè rẹ̀ di ti Wabtec, àwọn wọ̀nyí sì fi ọkọ̀ bátìrì kan sáàárín àwọn ọkọ̀ dísẹ́lì ní California. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní 2021, epo tí gbogbo ọkọ̀ náà jó fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù.

Èmi kò sọ pé kí a sáré lọ ra bátìrì fún gbogbo ọkọ̀. Ó wọ́n, ooru wa kò sì bá a lára mu. Ọkọ̀ ẹrù tí ó ń lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í sábà tẹ bíréékì, nítorí náà kò ní ohun púpọ̀ tí yóò tọ́jú. Ọkọ̀ tí ó ń dúró lemọ́lemọ́ ni ó yẹ. Irú rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa: ọkọ̀ dísẹ́lì tí Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó, létí ilẹ̀ Ògùn, dé Oyíngbo. Ibùdókọ̀ mẹ́jọ ni ó wà lójú ọ̀nà náà. Ìgbà méje ni yóò sáré tí yóò sì dúró ní àlọ, ìgbà méje ní àbọ̀.