Ìtàn Èkó Nínú Orin Kan: "Confusion" ti Fela

Bí a bá ń wá ìtàn ìlú Èkó ní àkókò owó epo rọ̀bì, ìwé ìjọba ni a sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Níbẹ̀ ni a ó rí i pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni àwọn ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, pé ní 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn, àti pé ní 1975 àwọn ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì wá tò lọ bẹẹrẹbẹ, tí wọn kò ríbi já ẹrù sí. Ìwé náà kò sọ bí ó ti rí fún ẹni tí ó ti Olúpọ̀nnà tàbí Ìwó dé, tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tí kò mọ ibi tí yóò gbà kọjá.

Ní 1975 yìí kan náà ni Fela gbé "Confusion" jáde. Orin kan ṣoṣo ni, ó sì lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fetí sí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa ń fò ó. Fela wà nídìí dùùrù oníná, Tony Allen wà nídìí ìlù. Olúkúlùkù ń lọ lọ́nà tirẹ̀, kò sí ibi tí oníjó lè gbé ẹsẹ̀ lé. Jáàsì gidi ni èyí. Láti inú àwo Max Roach àti Art Blakey ni Allen ti kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, Fela náà sì ti kó ẹgbẹ́ oníjáàsì jọ ní Èkó kí ó tó dá Afrobeat sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìlù tó fìdí múlẹ̀. Kí akọrin tó la ẹnu, olùgbọ́ ti wà láàárín ìdàrúdàpọ̀.

Ojúẹlẹ́gba ni ó wá fi ṣe àpẹẹrẹ: ọkọ̀ ń ya wọ̀ ọ́ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọlọ́pàá kò sí láàárín. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára, onílé oríta, ni ó bí orúkọ àdúgbò náà. Èmi kò wí pé Fela ní èyí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn àgbà ti ń rúbọ kí ọ̀nà lè là ni ìjọba kò fi ẹnì kan ṣọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ń bá ìjọba jà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí ti ìjọba náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn sójà jó ilé rẹ̀, Kàlàkúta, ní ojú ọ̀sán. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì kú ní 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ní 1979 Fela fi gbólóhùn náà, "Unknown Soldier", sọ àwo orin.