Ìtọ́jú Ọpọlọ ní Òkè-Ògùn: Oúnjẹ, Ìgbé-Ayé àti Oògùn Oko

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ ìdarí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn. Àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 ni wọ́n ń wá, láti mọ iye àwọn tí iyè wọn ń rá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àrùn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn tó ń mú kí àgbà máa ṣarán. Láàrin àwọn ará Ìdíkàn, ìwọ̀n àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 2.52. Àwọn kan lè sọ pé àwa Yorùbá ni a máa ń bo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Àwọn olùwádìí ti ro èyí: wọ́n lo ìbéèrè tó bá ẹni tí kò kàwé mu, wọ́n sì tún bi àwọn ará ilé léèrè. Ohun tí wọ́n fura sí ni ìgbé-ayé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàrin wọn tó ti àwọn ará Amẹ́ríkà náà.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù ní ìlú yìí, tó wà ní ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó ń jẹ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, ewédú àti irú, sún mọ́ irú ìgbé-ayé tí wọ́n bá ní Ìdíkàn. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ọ̀kadà ti gba ipò ẹsẹ̀, iyọ̀ àti magí sì ti ń gba ipò irú nínú ìkòkò. Ní Ìdíkàn kan náà, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé iyè àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ń tètè rá ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ló léwájú nínú ohun tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí i ní Nàìjíríà àti Gánà. Àìkìí jẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára àwọn ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre kì í ṣe oúnjẹ tálákà nìkan, bí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ń fojú wò ó.

Ohun tó ń kọ wá lóminú jù ni oògùn oko. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn apakòkòrò ń ṣiṣẹ́ nípa dídí ohun tó ń mú kí iṣan ara sinmi lẹ́yìn tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán an. Kòkòrò ń kú nítorí pé iṣan rẹ̀ kò sinmi mọ́. Iṣan ènìyàn kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ lára yóò máa da itọ́ àti omijé, yóò máa bì, ẹran ara rẹ̀ yóò máa ta, mímí yóò sì nira fún un. Ti oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat yàtọ̀: láàrin àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n wádìí, àwọn tó lò ó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n kí ara sì máa le, ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àwọn tí kò lò ó. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé òun ti ń fọ́n oògùn láti ogún ọdún, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni Parkinson ń fara hàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti ẹ̀wù alápá gígùn, ẹ kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, ẹ má sì fi ẹnu fa ihò pọ́mpù tó bá dí. Ẹ má ṣe tún ike oògùn lò fún omi tàbí epo, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Apakòkòrò olómi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀wà tàbí èlùbọ́ tí a fẹ́ jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ike oògùn náà. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu, ẹ má sì fipá mú un bì. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹ̀gẹ́ náà ní májèlé tirẹ̀. Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà ló fi hàn, ní àwọn ọdún 1960, pé ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa wà nídìí àìsàn tó ń sọ ẹsẹ̀ àwọn ará agbègbè Ìjẹ̀bú kan di aláìlágbára, tó sì ń ba ojú àti etí wọn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí láfún àti gàrí kan dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀wà tàbí ẹja kún un.

Ní ti àwọn ọmọdé, òjé ni ọ̀tá. Ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé inú erùpẹ̀ ìwakùsà pa ní Zamfara. Ara ọmọ kékeré ń gba òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Kí ọmọ má ṣe ṣeré níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tàbí tí wọ́n ti ń yọ́ òjé.

Bí bàbá tàbí ìyá bá ń bi yín ní ìbéèrè kan náà léraléra, tàbí tó ṣìnà ilé ara rẹ̀, ẹ má pè é ní àjẹ́, ẹ má sì sọ pé ogbó lásán ni. Ẹ mú un lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ṣakí, kí wọ́n yẹ ìfúnpá, ṣúgà, ojú àti etí rẹ̀ wò. Àìgbọ́ràn dáadáa nìkan lè mú kí àgbà dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti Ṣakí lọ, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà ní UCH, Ìbàdàn.