Ibà Tí Kò Gbóògùn

Bí ìyá ọlọ́mọ ní Ọ̀fà bá padà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó ti ra oògùn ibà, ó lè ní, “Oògùn yẹn ò ràn án.” Ó sì lè ní, “Ibà yìí ò gbóògùn.” Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìrìn oògùn nínú sẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí méjèèjì di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí kò sí nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984. Ti olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo chloroquine, oògùn kíkorò tó máa ń mú ara ọ̀pọ̀ wa yún. Kòkòrò ibà a wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, a jẹ èròjà ibẹ̀, oúnjẹ náà a sì dà nínú àpò kékeré kan tí omi rẹ̀ kan. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ jẹ́ májèlé fún kòkòrò náà, ló ṣe máa ń sọ ọ́ di hóró líle tí kò lè pa á lára. Bí chloroquine bá dé inú omi kíkan yẹn, ó yí padà, kò rí ọ̀nà jáde mọ́, kò sì jẹ́ kí májèlé di hóró. Ó há síbẹ̀. Kí ni a tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe? Há ti tó.

Lọ́dún 2000, àwọn olùṣèwádìí tọ́ka sí jíìnì tí wọ́n ń pè ní pfcrt. Purotéènì tó ti ibẹ̀ wá wà lára awọ àpò náà. Bó bá ti yí padà, a máa ti oògùn síta. Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn tí a kọ́kọ́ ń lò fún ibà lọ́dún 2005. Kòkòrò ló kọ̀ níbí, nítorí náà àìgbóògùn ni. Bó bá ṣe pé ayédèrú ni oògùn, tàbí ọmọ bì í, kò ràn án ni, kò kan kòkòrò rárá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera tó wà ní Ọ̀fà lè là á yé ìyá yẹn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ fún títọpasẹ̀ oògùn, a ti rí i yá lọ́wọ́ ọdẹ. Èyí tó le ni orúkọ ohun tí ń tàn yòò tí wọ́n ń so mọ́ oògùn kí maikirosíkóòpù lè rí i. “Àmì” kò wù mí, àmì àìsàn ti gbà á. Mo fẹ́ràn “afinihàn”. Ṣùgbọ́n afinihàn tó bá tóbi ju oògùn lọ lè yí ìrìn rẹ̀ padà, ká máa wo ibi tí oògùn gan-an kì í lọ. Ìdí nìyí tí átọ́ọ̀mù onítànṣán, tí kì í sábà fi nǹkan kan kún ìtóbi oògùn, kò fi tíì kógbá wọlé.