Bí a ṣe lè mọ̀ pé màlúù ń jẹ̀rora

Àwọn àgbà ló ń sọ pé ẹnu tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ ni yóò bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ màlúù rí. Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ̀rora, ariwo rẹ̀ yóò gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n màlúù lè máa jẹ̀rora fún ọjọ́ pípẹ́ láìké rárá. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n lára. Nínú igbó tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, èyí tó bá fi àìlera hàn láàrin agbo ni àwọn ẹranko búburú máa ń kọ́kọ́ dójú lé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ìwà màlúù láti máa pa ìrora mọ́ra. Ẹni tó bá ń dúró de igbe rẹ̀ kó tó pe dókítà ẹran lè bá òkú nílẹ̀.

Ibi tó jìnnà díẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wo màlúù, nítorí pé bí ó bá ti rí àlejò, ó lè fi àìlera rẹ̀ pamọ́. Kí a wò ó nígbà tó ń jẹun, nígbà tó dùbúlẹ̀ àti nígbà tó ń rìn. Màlúù tí ara rẹ̀ le máa ń jẹ àpọ̀jẹ fún nǹkan bí wákàtí 6 sí 9 lójúmọ́. Bí àwọn yòókù bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, tí ọ̀kan sì dá dúró sẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ kò mì, tàbí tó ń payín keke, ohun kan ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n ìrora yìí. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì UNESP tó wà ní Botucatu, lórílẹ̀-èdè Brazil, gbé ọ̀kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn akọ màlúù tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Lọ́dún 2015, Karina Bech Gleerup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, gbé òmíràn jáde. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ní kí a máa wò: bí ẹran náà ṣe ń fiyè sí àyíká rẹ̀, ipò tí orí rẹ̀ wà, ipò tí etí rẹ̀ wà, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ohun tó ń ṣe bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.

Orí màlúù tó ń jẹ̀rora máa ń wálẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe koríko ló ń jẹ. Etí rẹ̀ lè fà sẹ́yìn tàbí kó rọ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣan ojú rẹ̀ yóò le, awọ òkè ojú yóò hunjọ, ihò imú yóò sì fẹ̀. Ẹ̀yìn tó yẹ kó tẹ́ yóò tẹ̀ sókè bí ọrun.

Ìwà rẹ̀ tún lè tọ́ka sí ibi tí ìrora wà. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, kì yóò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, yóò sì máa gbẹ́yìn agbo. Kí a yẹ pátákò rẹ̀ wò, bóyá òkúta tàbí ìṣó ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ni, yóò máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ikùn ara rẹ̀, yóò máa bojú wẹ̀yìn wo ìhà rẹ̀, yóò máa dùbúlẹ̀, yóò tún máa dìde. Bí ikùn bá wú lápá òsì, kò gbọdọ̀ di ọ̀la, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ lè pa á láàrin wákàtí díẹ̀. Èyí tó gbé wáyà tàbí ìṣó mì máa ń kérora bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sì ya ìgbọ̀nwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé irin náà lè gún inú rẹ̀ títí dé itòsí ọkàn. Abo tó bá ń ta ìpá nígbà tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, tí ọmú rẹ̀ sì gbóná tó le, ọmú ló ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń rà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ màlúù tí wọ́n ń tà ní Kara, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ni ọkọ̀ akẹ́rù kó wá láti Òkè Ọya, tí àwọn mìíràn sì ti fara pa lọ́nà. Kí oníbàárà ní kí wọ́n mú ẹran náà rìn kó tó sanwó. Ẹni tó ń ra ẹran Iléyá tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gba ẹran tí àìsàn tàbí ẹsẹ̀ dídùn rẹ̀ hàn gbangba.

Àmọ́ ṣá o, oòrùn, ebi àti ẹ̀rù náà lè yí ìwà ẹran padà. Àmì kan ṣoṣo kò tó. Kí a wo bí méjì tàbí mẹ́ta ṣe para pọ̀, kí a sì fi wé bí ẹran náà ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. A máa ń sọ pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Èyí tó nírù tí kò lé eṣinṣin mọ́, olówó rẹ̀ ló yẹ kó wá ìrànlọ́wọ́ fún un.

Kí a má ṣe nà án kó lè dìde, kí a má sì fún un ní oògùn èèyàn. Kí a yà á sọ́tọ̀ síbi tí ìbòòji àti omi wà, kí a sì pe dókítà ẹran. Bí ó bá ti gba oògùn, a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran rẹ̀ tàbí mu wàrà rẹ̀ títí iye ọjọ́ tí dókítà bá dá yóò fi pé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.