Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ìdíje Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Fẹ́ Wọṣẹ́ Ìlera, láti Sàró dé Douala

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba ọ̀nà òkè yóò dé ọjà, ẹni tí ó gba ọ̀nà odò náà yóò dé e. Ní ìlú Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọjà kan wà tí ó ń jẹ́ Marché Dakar. Bí ọmọ ọlọ́jà kan níbẹ̀ bá sọ pé iṣẹ́ dókítà ni òun fẹ́ ṣe, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn yóò fi hàn án. Ẹnu ọ̀nà náà ni ìdánwò ìdíje tí àwọn elédè Faransé ń pè ní concours. Nínú irú ìdánwò yìí, kì í ṣe pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ti gba máàkì tí ó tó. Wọ́n ti ka iye àyè tí ó wà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó wà lókè yóò wọlé. Ẹni tí ó tẹ̀lé wọn gbágbáágbá yóò padà sílé, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó.

Orúkọ ọjà náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu lọ́nà àrà. Ní ìlú Dakar gan-an, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ni ìjọba Faransé ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó lókìkí jù lọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìgbà ìjọba amúnisìn, ìdíje sì ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpasẹ̀ rẹ̀. Ta ni wọ́n gbà láàyè láti díje? Kí ni ẹni tí ó borí rí gbà? Èdè wo ni wọ́n fi ń díje?

Àwọn tí a yàn láìdíje

Ìdánwò kọ́ ni ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n lè kọ́ ní ìṣègùn fún iṣẹ́ ológun ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí ibà ń pa àwọn dókítà aláwọ̀ funfun púpọ̀. Ìjọ C.M.S. yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró: James Africanus Horton, William Broughton Davies àti Samuel Campbell. Àìsàn kò jẹ́ kí Campbell parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Àwọn méjì yòókù gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ní London ní 1858. Ní 1859, Horton gba oyè dókítà ní Edinburgh, Davies sì gba tirẹ̀ ní St Andrews. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí Davies, lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrú. Ọmọ Igbo ni ti Horton.

Ojú rere àwọn olùkọ́ àti àwọn àlùfáà ni ó gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ibi tí wọ́n dé. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ọmọ Sàró yòókù wá díje. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ kàwé. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà dà bí ẹni pé a yí i po: ìdíje pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ dín kù.

Ní 1902, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan, òfin náà sọ pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ni ó lè wọ iṣẹ́ náà. Ní àsìkò yìí, àwọn dókítà ọmọ Yorùbá ti wà ní Èkó. Obadiah Johnson, tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ṣe títí ó fi jáde ní 1921, ti ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba rí. Oguntọla Sapara wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó gbógun ti àrùn ṣọ̀pọ̀nná títí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Òfin 1902 kò sọ pé irú wọn kò mọ iṣẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n má tilẹ̀ wá sí pápá ìdíje.

Dakar: ìdíje ńlá, ipò kékeré

Ní ti àwọn Faransé, wọ́n ṣí pápá ìdíje sílẹ̀, wọ́n sì fi òrùlé sí ibi tí ẹni tí ó borí lè dé. Ní 1918 ni wọ́n fi òfin dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ àwọn dókítà, àwọn apoògùn àti àwọn agbẹ̀bí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbà dé ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty. Ìdánwò ìdíje ni wọ́n fi ń ṣa àwọn ọmọ tí ó mú jù lọ láti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ Ponty; níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín wọn sí iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba tàbí iṣẹ́ ìṣègùn.

Félix Houphouët-Boigny, tí ó di olórí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ní 1960, parí ẹ̀kọ́ ní Dakar ní 1925, òun ni ó sì ṣe ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Aoua Kéita láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí níbẹ̀ ní 1931. Nígbà tí ó di 1959, wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Émile-Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì, gba Ponty kọjá sí Dakar. Ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti 1968 sí 1969.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn wọ̀nyí gbà fún gbogbo ìdíje tí wọ́n borí? Dókítà olùrànlọ́wọ́ ni àwọn Faransé ń pè wọ́n. Abẹ́ dókítà ará Faransé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì fún wọn láṣẹ láti ṣe dókítà ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè dókítà gidi gbọ́dọ̀ tún lọ kàwé ní Yúróòpù, bí Zinsou ti ṣe ní Paris. A sọ fún ọmọ pé kí ó sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sáré, ó ṣe ipò kìíní, wọ́n sì fún un ní àga olùrànlọ́wọ́.

Yaba: ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ kọ èrè ìdíje

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba, kí ó lè máa kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga Yaba ní gbangba ní 1934. Àyè tí ó wà kéré, àwọn tí ó ń wá a pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò níye lórí lẹ́yìn Nàìjíríà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kò gba èyí mọ́ra. Ní 1934 kan náà, Ernest Ikoli, H. O. Davies, Samuel Akinsanya àti dókítà J. C. Vaughan dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Yaba sì wà lára ohun tí ó bí i. Ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1936. Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n bínú sí. Wọn kò sọ pé ìdánwò náà le jù, wọn kò sì sọ pé kí wọ́n fagi lé e. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí ó bá borí ìdíje gbọ́dọ̀ gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà fún irú ìmọ̀ kan náà. Ìdáhùn dé díẹ̀díẹ̀: Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Yaba, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, U.C.H., ní 1957.

Kamẹrúùnù: oríta ọ̀nà méjì

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín Kamẹrúùnù láàárín ara wọn. Apá ti Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ àkóso kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà títí di òpin ìjọba amúnisìn, nítorí náà ojú Yaba àti Ìbàdàn ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wò. Ní apá ti Faransé, dókítà Eugène Jamot fi ìlú Ayos ṣe ibùdó láti 1922, ó ń gbógun ti àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń tàn káàkiri. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ náà láti máa fi maikirosíkóòpù wá kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣe ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní 1969, nígbà tí wọ́n dá C.U.S.S., ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera ti yunifásítì, sílẹ̀ ní Yaoundé. Olórí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Gottlieb Lobe Monekosso, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ti kọ́ni ní ìṣègùn ní Ìbàdàn àti Èkó. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn àtúntò àwọn yunifásítì ní 1993, ibùdó náà di ẹ̀ka ìṣègùn Yunifásítì Yaoundé I. Université des Montagnes, tí kì í ṣe ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní Bangangté ní 2000. Ní 2006, Douala àti Buea ní ẹ̀ka ìṣègùn tiwọn. Ní 2013, ìjọba da ìdánwò ìwọlé sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn pọ̀ di ìdíje kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, ẹnu ọ̀nà di ọ̀kan.

Ìjọba Kamẹrúùnù mọ̀ pé ojú ìlà tí àwọn olùdíje ti ń gbéra kò dọ́gba. Láti 1982 ni òfin ti pín àyè iṣẹ́ ìjọba tí ìdíje wà fún láàárín àwọn ẹkùn. Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ 1992, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Apá Àríwá Pátápátá, ìdá 12 jẹ́ ti Littoral tí Douala wà nínú rẹ̀, ìdá 4 sì jẹ́ ti Ìlà-oòrùn. Onírúurú ìpín bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà náà, nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan ń pè é ní ìdájọ́ òdodo, àwọn mìíràn ń pè é ní ìrẹ́jẹ. Ohun tí ó dájú ni pé ìpín náà jẹ́wọ́ òtítọ́ kan: ipò kìíní nínú ìdánwò kò sọ bí ọ̀nà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan rìn dé ibẹ̀ ṣe jìn tó.

Ìdíje tí ń kọ́ni

Ó dára kí a fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn wé èyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ HOSA sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìlera. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ń díje lórí ìtọ́jú pàjáwìrì, lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìperí ìṣègùn, lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba àti lórí ìlera ìlú. Nínú àwọn ìdíje kan, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó jọ díje. Nínú àwọn mìíràn, ojú àwọn adájọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú ìdíje yìí àti concours hàn kedere. Ẹni tí ó pàdánù nínú ti àkọ́kọ́ padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tí ó fara pa. Ẹni tí ó pàdánù nínú concours lè padà sílé láìní nǹkan kan ju ọdún tí ó lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó lè gba gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ṣe dókítà, nítorí náà concours kò lè parẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdíje tí ń ti ilẹ̀kùn bá wà, ó yẹ kí ìdíje tí ń kọ́ni wà níwájú rẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ àti àánú náà lè ní ibi tí wọn yóò ti hàn.

Èdè ìdíje, èdè aláìsàn

Ó ku ìbéèrè kẹta. Láti Sàró dé Dakar, láti Yaba dé Douala, èdè òkèèrè ni wọ́n fi ń díje. Èdè tí ó wà ní Kamẹrúùnù lé ní 250, ṣùgbọ́n Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń mọ ẹni tí yóò ṣe dókítà. Kódà láàárín àwọn méjì yìí, ọgba kò sí: nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn olùkọ́ ní ẹkùn elédè Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀hónú hàn ní 2016, ipò tí èdè wọn wà ní ilé ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ wà ní iwájú ẹ̀sùn wọn. Ní ọjà Douala, èdè Duala, Bassa, àwọn èdè Bamiléké àti Pidgin ni aláìsàn lè fi sọ ibi tí ń dùn ún. Ìdánwò ìwé kì í wádìí bóyá olùdíje gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀rí wà pé èdè abínibí kì í fa ọmọ sẹ́yìn nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ ran iṣẹ́ ìlera lọ́wọ́ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú èdè abínibí nípa ara, ìrora àti àrùn ṣe ìdíje láàárín àwọn ọmọ girama. Kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé àrùn ìtọ̀ ṣúgà fún ìyá àgbà kan ní èdè tí ó gbọ́, kí ìyá àgbà náà sì wà lára àwọn adájọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìdíje nìkan kò tó láti mú òdodo wá. Ní 1855, wọ́n yan àwọn kan láìdíje, wọ́n sì fún wọn ní oyè kíkún. Ní Dakar àti Yaba, àwọn ọmọ díje, wọ́n borí, wọ́n sì fún wọn ní ìdajì. Ní Kamẹrúùnù lónìí, oyè ti di kíkún, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà há, èdè aláìsàn sì wà níta.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò béèrè ipò tí àgbà náà ṣe nínú ìdánwò. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó wà níbẹ̀, kí ó rí orí ọmọ, kí ó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì mọ bí a ti ń tún un ṣe.