Ìrìn Èròjà Olóró Nínú Òkúta: Láti Kumasi Dé Kwabenya

Cobalt-60, èròjà olóró kan, ni ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní Kumasi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní 2004. Láàárín ọdún 5 lé díẹ̀, agbára cobalt á ti dín kù dé ìdajì, wọ́n á sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá yọ kò ṣe é dà sí ààtàn, torí ó ṣì lè pa ènìyàn. Nínú pàǹtírí núkílíà tó wà lọ́rùn Gánà, irú èyí ló pọ̀, láti ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ gbogbo.

Kwame Nkrumah ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ átọ́míìkì lélẹ̀ ní Kwabenya, lẹ́bàá Accra, ní 1964. Àwọn ológun tó gbàjọba ní 1966 dá a dúró. Ní 1994 ni ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan láti Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Uranium alágbára inú rẹ̀ padà sí Ṣáínà ní 2017.

Àwọn èròjà kéékèèké láti ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ló ṣẹ́ kù. Ètò tí wọ́n ṣe fún wọn, èyí tí àwọn ará South Africa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ni pé kí wọ́n dé wọn mọ́ inú irin, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí i ká, kí wọ́n sì sọ̀ wọ́n sínú kànga tóóró tó jìn ju mítà 30 lọ. Ṣùgbọ́n radium, tó wà lára wọn, nílò 1,600 ọdún kó tó dín sí ìdajì. Kò sí ẹni tó lè dúró ṣọ́ ọ. Ìṣirò bí oró náà ṣe máa rìn nínú òkúta nìkan ló kù.

Omi ni ọkọ̀ tí èròjà olóró ń wọ̀ nínú òkúta. Ní 1856, Henry Darcy, ẹ̀ńjíníà tó fa omi wọ ìlú Dijon ní Faransé, tẹ ohun tó rí jáde nípa bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá. Àwọn tó tẹ̀ lé e rí i pé èròjà kan kì í rìn bí èkejì: cesium a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀, iodine a máa bá omi lọ. Tí ìrìn náà bá falẹ̀ tó, oró á ti kú sójú ọ̀nà kó tó dé kànga ẹnikẹ́ni.

Oklo, ibi ìwakùsà uranium ní Gabon, ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Ní 1972, àwọn ará Faransé rí i pé uranium-235 ibẹ̀ jẹ́ ìdá 0.717 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 0.720. Ìdí ni pé ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dáná núkílíà níbẹ̀. Plutonium tó jáde kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Òkúta oníwúrà agbègbè Kumasi náà ti ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò tó. Ibi tí òkúta ti sán ni omi ń gbà, sísán ibì kan kò sì jọ ti ibòmíràn. Kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sọ̀ sílẹ̀ ní Gánà, omi àti òkúta ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ti Oklo.